Ọkàn Pupa Tí Mo Tẹ̀ Sábẹ́ Èébú

                                        Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta.

Ọmọ àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Oorun ò kùn mí. Bí mo bá ro ti ìpè mi tí o ò gbé, màá tún ro ti àwọn tó ní o ti rù, kí n tó wá kan èébú tí wọ́n ń tò sábẹ́ àwòrán rẹ lórí fóònù. Ṣé ara le? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ò ń jẹun?

Ìyá rẹ ti sọ ohun tó dùn ọ́ fún mi. O rí àwòrán mi, tòun ti fìlà, pẹ̀lú ọkàn pupa, lábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ní ikú ló tọ́ sí ọ nítorí pé o ṣe ìkà ìyàwó nínú fíìmù. O bi í pé bí ẹbí ẹni bá ti dara pọ̀ mọ́ wọn, ta ló kù.

Ọmọ mi, mo kà á ni. Níbi iṣẹ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó bá ka ìwé tí ọ̀gá lẹ̀ mọ́ ògiri gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kó hàn pé ó ti rí i. Mo rò pé iṣẹ́ ọkàn yẹn nìyẹn. Gbogbo èébú tí mo kà ni mo fọwọ́ sí, kí wọ́n lè mọ̀ pé o ní ará ilé tó ń ṣọ́ wọn. Aránṣọ ìsàlẹ̀ ilé wa ló là mí lójú. Ó ní, "Bàbá, ẹ ń sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ wọn dùn mọ́ yín ni o." Mi ò mọ ìgbà tí mo jókòó lé aṣọ oníbàárà ẹ̀. Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká wá filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn.

Lánàá, níwájú onígbàjámọ̀, ẹnì kan ń bú ọ: "Ìkà ni obìnrin yẹn, ojú ẹ̀ ti fi hàn." Mo ní èmi ni mo máa ń gbé e lọ sílé ìwé. Ohùn ẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ bá mi kí i. Kò sí fíìmù ẹ̀ tí mi ò kì í wò." Ó tún ní ká jọ ya fọ́tò. Mo kọ̀, wọn ò tíì fá orí mi tán.

Aránṣọ ti bá mi yọ àwọn ọkàn náà, àmọ́ ojú lọ̀rọ̀ wà. Kí ọkọ rẹ, fọwọ́ pa àwọn ọmọ lórí fún mi. Bí o ṣì ń bínú, bínú dè mí. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí, ni mo máa gbéra, kí oòrùn tó mú.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
                                        Bàbá Kílódé.