Pátákó Ilé Ìwé Àbẹ̀kẹ́

Sawaba, Kumasi, 1991

Bọ̀ọ̀dá mi Oyèdélé,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ara Ìyá wa ti ń le, oògùn tí wọ́n gbà ní ilé ìwòsàn Bantama níbí ń ṣiṣẹ́.

Wọ́n tún kun pátákó ilé ìwé Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi. Tẹ́lẹ̀, “àwọn tí ọpọlọ wọn ò pé” ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó ti di “ọmọ àkànṣe” báyìí, wọ́n ní ká wá pàtẹ́wọ́. Orí ẹní kan náà ni wọ́n ṣì ń tò wọ́n sí, ẹnìkan ò kọ́ wọn ní nǹkan kan. Àwọn ọmọ àdúgbò tó ń fi Twi pè é ní kwasea, òmùgọ̀, ti ń pè é ní “àkànṣe”; ẹ̀rín kan náà ni wọ́n ń rín. Ìríra gbáà!

Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá, tiyín ló rí mi lára jù. Mo ń ka lẹ́tà yín sókè fún gbogbo ilé. Ẹ kí oníkálukú lórúkọ, Àbẹ̀kẹ́ jókòó, ó ń retí tirẹ̀. “Dìndìnrìn yẹn ńkọ́?” lẹ kọ. Mo fò ó.

Ó ní, “Màámi, èmi ńkọ́?”

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ilé yín. Tẹ́ ẹ bá ń fèsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kí i. Ẹnu yín náà lẹ fi sọ ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́.

Àbúrò yín,
Georgina