Ọ̀rọ̀ Tí Ó Kù Lórí Àwòrán Ìgbéyàwó Larysa

Èmi, Tekla Anastasia Dubyk, opó Metro Dubyk, tí mo ń gbé lókè ilé ìyàwòrán Dubyk ní ìlú Dauphin, ní Manitoba, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Ojú mi ń ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n orí mi pé. Kò sí ẹni tí ó tì mí sí i, kò sì sí ẹni tí ó fún mi lọ́tí mu. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo kàwé mọ. Bí agbẹjọ́rò bá rí ibi tí mo ti kọsẹ̀, kí ó tún un ṣe, ṣùgbọ́n kí ó má fọwọ́ kan ibi tí mo ti ń bá àwọn ọmọ mi sọ̀rọ̀. Ìhágún èyíkéyìí tí mo ti ṣe ṣáájú èyí, mo pa á rẹ́.

1. Mo fi Sylvia Kostiuk, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ṣe alámòójútó ìwé yìí. Sylvia, o mọ̀ pé àwọn ọmọ mi méjèèjì kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Má ṣe di ẹni tí ń gbé ọ̀rọ̀ láti ẹnu èkíní lọ sí etí èkejì. Mo ṣe é títí, ó sú mi.

2. Ilé yìí, àti ilé ìyàwòrán tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, mo fi wọ́n fún Orest ọmọkùnrin mi àti Larysa ọmọbìnrin mi ní ọgbọọgba. Òrùlé ẹ̀yìn ń jò. Orest, má gùn ún fúnra rẹ. O ti kọjá ẹni tí ń gun àkàsọ̀ nínú yìnyín, orúnkún rẹ kò sì dára. Pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.

3. Mo fi ọkọ̀ mi fún Larysa, nítorí táyà tirẹ̀ ti dán, ó sì máa ń wakọ̀ bọ̀ láti Winnipeg nínú ìjì yìnyín bí ẹni tí ẹnì kan ń lé. Kí ó mú ológbò mi pẹ̀lú. Bí ológbò bá ń mú ọkọ rẹ̀ sín, kí ọkọ rẹ̀ máa sín. Larysa, jọ̀wọ́, máa jẹun. Ohun tí ìwọ ń pè ní oúnjẹ, adìyẹ kò lè yó lórí rẹ̀.

4. Kámẹ́rà Metro, àwọn iná rẹ̀, àti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà lé, mo fi wọ́n fún Orest. Mo ti kọ́kọ́ kọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ tà wọ́n, mo sì fi ìlà pa á. Níbi iṣẹ́ ìkó-ọkà-pamọ́ ní ìlú Brandon ni ó ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ báyìí. Kò yẹ kí òkú máa pàṣẹ fún un pé kí ó padà di ayàwòrán.

5. Tábìlì ilé ìdáná, mi ò tíì mọ ẹni tí n ó fi fún. Mo fi lọ àwọn méjèèjì, àwọn méjèèjì kọ̀ ọ́.

Àwọn ọmọ mi mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí Sylvia náà mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìgbéyàwó kọ̀ọ̀kan tí a bá yà, kí ọkọ àti ìyàwó tó rí àwòrán wọn, Metro á tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì yẹn, á dorí wọn kodò, kí ojú wa lè kúrò lára ẹni tí a mọ̀, kí ó lè wo ìmọ́lẹ̀. Olúkúlùkù á sọ ohun tó dára, á sì sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Àwòrán ni kí á bá wí, kí á má bá ayàwòrán wí. Ẹni tó yà á kò sì gbọdọ̀ fèsì, bí a bá sọ tán, yóò wí pé, “Mo ti gbọ́. Ẹ ṣeun.” Larysa kéré gan-an lọ́jọ́ tí ó wo iṣẹ́ bàbá rẹ̀, tí ó ní, “Bàbá, ìyàwó yìí jọ ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Búrẹ́dì ìgbéyàwó tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.” Metro dijú, ó ní òun ti gbọ́, ẹ ṣeun. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Nígbà tí ìgbéyàwó Larysa dé, mo ní kí wọ́n pe àlejò wá yà á, pé ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Larysa ní, “Màámi, ta ló tún mọ ojú mi ju ẹ̀gbọ́n mi lọ?” Ẹ̀dọ̀fóró Metro ti bàjẹ́ nígbà náà, kẹ̀kẹ́ aláìlera ni a fi ń tì í kiri, Orest ló sì ti gba iṣẹ́ ìyàwòrán lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárọ̀, nínú ilé, Larysa àti ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀ kí á súre fún wọn. Orest ya ọwọ́ bàbá rẹ̀ lórí ìbòjú funfun ọmọ, ó ya ojú bàbá rẹ̀ tó ń sunkún. Ẹ̀yìn orí Larysa nìkan ló wọlé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí àlùfáà ń gbé adé ìgbéyàwó lé wọn lórí gẹ́gẹ́ bí àṣà ìjọ wa, Larysa ṣẹ́jú, ìdajì adé sì bọ́ síta àwòrán. Orest ì bá tún un yà, ṣùgbọ́n ó ti darí kámẹ́rà padà sójú bàbá rẹ̀.

A tẹ́ wọn sórí tábìlì. Metro wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa. Mo kọ ohun tí Larysa sọ bí mo ti gbọ́ ọ: “Orest, ìgbéyàwó ta lo lọ? Aṣọ mi ni mò ń rí, mi ò rí ojú mi. Ṣé ìgbéyàwó mi lo wá yà, àbí ìsìnkú Bàbá? Kì í ṣe àwòrán ni kò dáa. Ìwọ gan-an ni ò dáa.”

 Metro na ọwọ́, ó fa àwòrán ìsúre yẹn mọ́ra, ó ní, “Ìmọ́lẹ̀ eléyìí dáa o.” Orest ní, “Mo ti gbọ́. Ẹ ṣeun.” Ó dìde. Kò ya ìgbéyàwó kankan mọ́ láti ọjọ́ náà. Kí yìnyín tó yọ́, Metro kú.

6. Àwòrán ìsúre yẹn kò sí lára ohun tí mò ń pín, nítorí kò sí nílé yìí mọ́. Larysa mú un lọ lẹ́yìn ìsìnkú. Ó wà lára ògiri yàrá rẹ̀, níbi tí ojú rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bà lé bí ó bá jí. Ó sọ fún mi pé, “Màámi, ká ní èmi ni Orest ń wò lọ́jọ́ yẹn, ibo ni mo ti fẹ́ rí ojú Bàbá?”

Mo sọ ọ́ fún Orest lórí fóònù. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.” Mo sọ èyí náà fún Larysa. Ó ní, “Ó mọ nọ́ńbà mi.” Bí wọ́n bá pè mí lọ́jọ́ Ìsinmi, Orest á bi mí bóyá Larysa ti pààrọ̀ táyà. Larysa á bi mí bóyá ikọ́ Orest ti lọ. Ìbáwí tẹnu Larysa dé etí Orest, ìyìn kò tẹnu rẹ̀ dé. Èyí ni kì í jẹ́ kí n sùn, kì í ṣe àrùn ọkàn tí dókítà ń wí.

Agbẹjọ́rò ní mo lè kọ ọ́ pé ẹni tí kò bá bá èkejì sọ̀rọ̀ kò ní jogún. Mo kọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi ilé rà, kò tíì di ọ̀rọ̀.

7. Kí wọ́n sin mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ Metro. Kí pósí mi wà ní ṣíṣí, kí ìdílé sì dúró yí i ká fún àwòrán, bí a ti ṣe fún ìyá mi àti fún ìyá Metro. A kò ṣe é fún Metro, nítorí Orest kò gbé kámẹ́rà, kò sì sí ẹni tó láyà láti gbé e níṣojú rẹ̀. Lọ́jọ́ tèmi, Orest kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Òun ló ń ya gbogbo wa, nítorí náà kò sí nínú àwòrán wa kankan. Ẹ̀gbẹ́ àbúrò rẹ̀ ni kí ó dúró sí, kí èjìká wọn kan ara wọn.

Ọkọ Sylvia ni kí ó yà á. Sylvia, má bínú, gbogbo wa la mọ̀ pé kò tíì ya ènìyàn rí kí ó má gé e lórí. Ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn. Kí ẹ gbé àwòrán náà síwájú Orest àti Larysa pọ̀, kí ẹ jáde, kí ẹ pa ilẹ̀kùn dé. Bí orí mi kò bá sí nínú rẹ̀, ẹ má tún un yà. Mo mọ àwọn ọmọ tí mo bí. Wọ́n lè dákẹ́ fún ara wọn; wọn kò lè dákẹ́ níwájú àwòrán tí kò dára.

Mo fọwọ́ sí i ní Dauphin, ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì, ọdún 2019.

Tekla Anastasia Dubyk

Àwọn tí ó rí mi bí mo ti ń fọwọ́ sí i, tí wọn kò sì ní ìpín kankan nínú rẹ̀:
Verna Halas, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì
Adolph Sawchyn, aládùúgbò