Ẹyẹ Ojú Fèrèsé

Lọ́ńdọ̀nù, oṣù Kejì, 1994

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí gbogbo ilé. Ṣé ọyẹ́ ti lọ ní Ìlá? Ara mi le koko. Wọ́n kàn ní kí n sinmi díẹ̀ ni.

Mo ti ń ya fọ́tò ẹyẹ báyìí. Nọ́ọ̀sì kan ló bá mi ra kámẹ́rà àlòkù. Kò lè fa ohun tó jìnnà mọ́ra, nítorí náà mo ń ṣe bí ẹ ṣe kọ́ mi nígbà tí a jọ ń dẹ àparò lọ́nà Òkè-Ìlá: kí n jókòó sójú kan títí ẹyẹ yóò fi gbàgbé pé èèyàn wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ keje rèé tí mo ti wà lójú kan. Ẹyẹ dúdú tí ẹnu rẹ̀ pọ́n bí ọsàn yìí ti gbàgbé mi pátápátá.

Fọ́tò méjì ni mo fi ránṣẹ́. Iná kámẹ́rà tàn sí gíláàsì fèrèsé nígbà tí mo ń ya ìkejì. Ẹni tó rù tí ẹ rí nínú gíláàsì yẹn, èmi ni. Iná ló fà á.

Ẹ bá mi kí Ìyá. Tí ẹ bá ń fi ẹyẹ náà hàn wọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àtàǹpàkò bo ojú mi.

Ọmọ yín,
Dámisọ́lá