Bàbá Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, Onígbàjámọ̀ Tó Tún Gba Ọwọ́ Rẹ̀ Padà

Ọdún 1943 ni wọ́n bí bàbá wa, nínú yàrá kan lókè ilé búrẹ́dì, nítòsí ibi tí ojú irin ti gba àárín títì kọjá. Aṣọ́bodè ojú irin ni bàbá tó bí wọn lọ́mọ, alágbàfọ̀ sì ni ìyá wọn. Bàbá wa ni àbíkẹ́yìn ilé náà. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé aṣọ tí àwọn ẹ̀gbọ́n ti wọ̀ gbó ni wọ́n fi tọ́ àwọn dàgbà.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní ọdún 1949. Ìṣirò wọn dára, ṣùgbọ́n orí ọmọ tó jókòó níwájú ni wọ́n ń wò ju pátákó lọ. Lọ́jọ́ kan wọ́n mú àlùmọ́gàjí ìyá wọn lọ sílé ìwé, wọ́n sì gẹrun ọmọ náà. Tíṣà kọ́kọ́ nà wọ́n dáadáa, lẹ́yìn náà ló bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ, nítorí irun náà gún régé.

Ní ọdún 1958 wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kan tó wà ní òdìkejì ọsibítù. Ní ọdún 1966 wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn: yàrá tóóró, dígí méjì, àga onírin kan tó ń yí, àti bẹ́ǹṣì gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn oníbàárà máa ń sùn lọ lórí àga yẹn. Ibẹ̀ ni orúkọ Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ti wá.

Ìyá wa mú àbúrò wọn wá gẹrun lọ́dún 1967, wọ́n sì ní ẹ̀gbẹ́ òsì ga ju tọ̀tún lọ. Bàbá wò ó títí, wọ́n rí i pé òótọ́ ni, wọ́n tún un gẹ. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń wá ìdí tí ọmọ náà fi gbọ́dọ̀ máa gẹrun lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n ṣègbéyàwó lọ́dún 1968.

Ọdún 2004 ni ìdánwò ńlá dé. Bàbá ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dán abẹ wò: wọ́n á fi ẹnu rẹ̀ kan àtàǹpàkò wọn fẹ́ẹ́rẹ́, awọ ara á sì sọ fún wọn bóyá ó mú. Lọ́dún yẹn wọ́n ń ṣàròyé pé gbogbo abẹ ti kújú. Wọ́n pọ́n ọn lórí awọ, wọ́n dán an wò, wọ́n ní kò mú, wọ́n tún pọ́n ọn. Wọ́n bá ẹni tó ń ta abẹ fún wọn jà. A ò mọ̀ pé àtàǹpàkò náà ni kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, àti pé abẹ yẹn ti mú kọjá ibi tó yẹ.

Ọ̀rẹ́ wọn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló jókòó lọ́jọ́ náà. Abẹ gé e lágbọ̀n. Tíṣà rọra sọ pé, “Ọ̀rẹ́ mi, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?” Bàbá rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ funfun, wọ́n sì rí i pé àtàǹpàkò tiwọn náà ń ṣẹ̀jẹ̀, wọn ò sì mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù. Nílé ni wọ́n ti jẹ́wọ́ fún ìyá wa pé ó ti pẹ́ tí ìka àwọn ti ń kú, tó ń ṣe bíi pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Wọ́n ní, “Bí mi ò bá lè gẹrun mọ́, kí ni wọ́n á máa pè mí?” Ìbéèrè yẹn dùn wá wọra.

Dókítà ṣàlàyé pé iṣan kan tó gba inú ọrùn ọwọ́ kọjá ló há. Ó fún wọn ní ìdè ọwọ́ tí wọ́n á máa wọ̀ sùn, ó ní kí wọ́n sinmi, ó sì ní iṣẹ́ abẹ lè kàn bí kò bá sàn. Bàbá tó ń di abẹ mú lójoojúmọ́ sì ń sá fún abẹ! Wọ́n béèrè bóyá ohun mìíràn wà tí wọ́n lè fi kún un. Dókítà darí wọn sọ́dọ̀ obìnrin kan nínú ọsibítù kan náà, tó kọ́ ìtọ́jú tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ṣe, èyí tí kò ní oògùn kankan nínú.

Obìnrin náà kò ṣèlérí. Ó ní ó ran àwọn kan lọ́wọ́, kò sì ran àwọn mìíràn. Ó ń fi abẹ́rẹ́ sí apá, ọrùn ọwọ́ àti ẹ̀yìn ọwọ́ wọn, Bàbá á sì sùn lọ fọnfọn. Nígbà tí ìka bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ tútù àti gbígbóná, wọ́n ju ìdè ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá wa tú àṣírí wọn. Obìnrin náà da abẹ́rẹ́ rẹ̀ padà sínú àpótí, ó ní, “Bàbá, èmi kì í ṣe ìyàwó kejì tí ẹ fẹ́ fi lé ìyáálé lọ. Ẹ lọ wọ ìdè yín.” Wọ́n wọ̀ ọ́.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ló ń dúró nídìí àga. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ Bàbá pé kí wọ́n kọ́ òun níṣẹ́ náà, wọ́n sì máa ń ní kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Wàyí o, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì tàwọn ti ìdè ọwọ́, wọ́n ń fi ẹnu kọ́ ọ. Àwọn oníbàárà ń wo ara wọn lójú. Tíṣà tí wọ́n gé lágbọ̀n ló kọ́kọ́ dìde, ó ní kò sí ohun tí ọmọ náà lè ṣe fún òun tí bàbá rẹ̀ kò tíì ṣe.

Nígbà tó di ọdún 2006, Bàbá ti padà sídìí àga. Orí ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún kò bọ̀ sípò tán títí wọ́n fi lọ, ṣùgbọ́n dókítà ní iṣẹ́ abẹ kò kàn mọ́. Kí ó jẹ́ ìdè ni o, ìsinmi ni o, tàbí abẹ́rẹ́, Bàbá kì í yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọlọ́run ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìjọ fi wọ́n joyè alàgbà lọ́dún 2008. Gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n sì ń lọ gẹ àwọn aláìsàn tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, lọ́fẹ̀ẹ́.

Wọ́n fi ìyá wa sáyé, àti àwa ọmọ mẹ́ta: èyí ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ ojú irin, èyí obìnrin tó jẹ́ onígbàjámọ̀, àti àbíkẹ́yìn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọ-ọmọ wà, ọmọ-ọmọ-ọmọ kan sì ti dé.

Bàbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fá irùngbọ̀n wọn rí, àfi ẹ̀gbọ́n wa yìí, lẹ́yìn àìsàn ọwọ́ náà. Lọ́sàn-án Sátidé, ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, wọ́n gẹ oníbàárà tó kẹ́yìn, wọ́n gbọn aṣọ, wọ́n sì jókòó kí ó fá tiwọn. Ojú wọn pa dé. Ẹ̀gbọ́n wa rò pé wọ́n sùn lọ bí gbogbo èèyàn ṣe máa ń sùn lórí àga yẹn, ó sì rọra ń ṣe é kó má bàa jí wọn. Ó fá a tán, ó fi aṣọ tútù nù ún, ó ní, “Bàbá, ó ti tán.”

Ẹ sùn re o, Bàbá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ń dán.