Ìwé Ẹ̀sùn Bàbá Tí Mo Fi Pamọ́ Nítorí Ẹ̀gbọ́n Mi

Ádímìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé orúkọ mi síta. Èmi ni mo ń gba ìwé ẹ̀sùn ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní apá àríwá Èkìtì níbí, ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ ìlú náà sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n ta ayédèrú ọjà fún, ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ lé lẹ́nu iṣẹ́ láìṣẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣe léṣe ní ilé ìwòsàn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń kó ẹjọ́ wọn wá. Kí n kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, kí n lu òǹtẹ̀, kí n fún ẹni náà ní ẹ̀dà tirẹ̀, kí n fi èyí tó kù ránṣẹ́ sí olú ọ́fíìsì wa ní Adó, iṣẹ́ mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún kẹfà rèé. Ọ̀kan péré ni mi ò fi ránṣẹ́... ọ̀kan yẹn ló fẹ́ pa mí.

Lọ́dún tó kọjá ni bàbá àgbẹ̀ kan wá láti Ìpáò. Ibà ló kọlu ọmọ ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan, nọ́ọ̀sì gún un lábẹ́rẹ́ ní ìdí, àtọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ òsì ọmọ yẹn ti rọ. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìdó, dókítà ní iṣan ni abẹ́rẹ́ náà bà. Bàbá ò mọ̀wé, akọ̀wé ìjọ wọn ló bá wọn kọ ẹ̀sùn náà. Mò ń kà á, mò ń mi orí, àánú wọn ń ṣe mí gan-an, àfi ìgbà tí mo dé ibi tí wọ́n kọ orúkọ nọ́ọ̀sì sí. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọmọ ìyá mi.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá wa kú, ẹ̀gbọ́n mi yìí ló fi ilé ìwé sílẹ̀ kí èmi lè máa lọ. Wọn ò lọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kankan. Ilé ìwòsàn yẹn náà ni wọ́n ti ń wo ọwọ́ ẹlòmíì kọ́ ọ, tí wọ́n fi wọ aṣọ funfun. Mo mọ̀. Gbogbo ilé wa ló mọ̀.

Kí ni mo wá ṣe? Mo sọ fún Bàbá pé ìwé wọn ò pé, kí wọ́n lọ mú káàdì ilé ìwòsàn ọmọ náà wá. Wọ́n mú un wá. Mo ní ó ku lẹ́tà dókítà láti Ìdó. Wọ́n mú un wá. Mo ní ó ku ìwé ìbúra láti kóòtù... ẹ gbọ́ o, ẹnikẹ́ni ò nílò ìwé ìbúra kó tó lè fi ẹjọ́ ilé ìwòsàn sùn lọ́dọ̀ wa. Orúkọ yín, ohun tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀dà ìwé tó bá wà lọ́wọ́ yín, ó parí. Mo kàn rò pé á rẹ̀ wọ́n ni. Kò rẹ̀ wọ́n. Nígbà tí wọ́n mú ìwé ìbúra náà dé, mo gbà á, mi ò kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, mi ò fún wọn ní ẹ̀dà, mo ní ó ti ń lọ sí Adó. Inú kọ́bọ́ọ̀dù mi ló wà títí di òní. Bàbá ṣì máa ń yà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti béèrè bóyá Adó ti fèsì, wọ́n á gbé iṣu sílẹ̀ fún mi, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, Olúwa á bùkún uṣẹ́ rẹ." Mo sì ń jẹ iṣu náà.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi nígbà yẹn. Wọ́n sunkún, wọ́n búra pé àwọn ò ní fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ mọ́. Mo gbà wọ́n gbọ́... àbí ó kàn wù mí kí n gbà wọ́n gbọ́ ni?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, obìnrin kan tó ń ṣe olùkọ́ ní yunifásítì, ó ń gbé Ọ̀yẹ́, kì í ṣe ọmọ ìhín, pọn ọmọ rẹ̀ wọ ọ́fíìsì mi. Ilé ìwòsàn kan náà, nọ́ọ̀sì kan náà, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ti ọmọ tirẹ̀. Eléyìí mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹ̀dà méjì ló mú wá, ó dúró tì mí títí mo fi lu òǹtẹ̀ sí tirẹ̀, ó gba nọ́ńbà tí mo kọ ọ́ sí nínú ìwé ńlá. Ó wá bi mí bóyá ẹnì kan ti fi ẹjọ́ ibẹ̀ sùn rí. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní rárá. Ọmọ náà ń sùn lẹ́yìn rẹ̀.

Ní báyìí Adó ti kọ̀wé pé àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ láti ṣèwádìí, kí n kó gbogbo ẹ̀sùn tó bá kan ilé ìwòsàn yẹn sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní tó bá jẹ́ ọ̀kan ni, àṣìṣe ni wọn á pè é, ṣùgbọ́n tó bá di méjì, ẹ̀wọ̀n ni. Wọ́n ní kí n sun ìwé Bàbá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n wá bi mí, "Ta ló tọ́ ẹ?"

Àná ni Bàbá pè mí lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sùn kọ́ rárá. Ọmọ náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, òkè àtẹ̀gùn ni kíláàsì wọn wà, ṣé èmi tí mo wà nínú ìjọba ò lè bá àwọn bẹ ọ̀gá ilé ìwé kí wọ́n gbé kíláàsì náà wá sísàlẹ̀? Mo ní màá bá wọn bẹ̀ ẹ́. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n tún dúpẹ́, títí owó inú fóònù wọn fi tán.

Ẹ̀yin ará, tí mo bá mú ìwé yẹn jáde, iṣẹ́ mi lọ, ẹni tó tọ́ mi náà lọ, àwọn ọmọ wọn mẹ́ta sì wà nílẹ̀. Tí mi ò bá mú un jáde ńkọ́? Ọmọ ta ni yóò tún kàn? Ṣé Ìpáò ni kí n kọ́kọ́ lọ, kí n kúnlẹ̀ fún Bàbá, àbí kí n dúró de àwọn ará Adó? Ẹ̀yin tí ẹ̀gbọ́n yín tọ́ dàgbà, kí lẹ máa ṣe ká ní ẹ̀yin ni? Ẹ má sọ pé kí n gbàdúrà sí i, mo ti gbà á. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún?