Ògiri Tí Mo Kùn Nítorí Géèmù

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí ìjókòó ojú kan. Ara wa le nílé. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fọ́ ọ lójú, kí ọ̀gá rẹ má sì rí ọ lé kí oṣù tó parí. Àmín.

Inú ń bí mi o. Lánàá, o jágbe mọ́ mi lórí fóònù, èmi tí mo bí ọ, nítorí ògiri! Nígbà tí o wálé, o fi irinṣẹ́ tí o ń ṣe hàn mí, èyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ yóò máa fi to ilé àti ọ̀nà inú géèmù. Lẹ́tà lásán ni mo rí, "O" ni ògiri, "I" ni igi, mo sì yìn ọ́, torí ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ọ̀gá rẹ wá ní lẹ́tà tó gẹ́ẹ́, àwòrán lòun fẹ́, bí àwòrán ò bá wọlé kí oṣù tó parí, kí o máa lọ sílé. O ní bí àwòrán bá ti wọlé, kọ̀ǹpútà á máa wọ́ bí ìgbín, ilẹ̀kùn á funfun báláú, igi á sì lọ dúró sórí ọkùnrin inú géèmù. Kí ni igi ń wá lórí ènìyàn?

O ní ká ya fọ́tò ilé wa ránṣẹ́, kí o fi ṣe àwòrán inú géèmù. Mo pe ẹ̀gbọ́n rẹ aránṣọ, fóònù tirẹ̀ ríran. O ní fọ́tò kékeré kan ni wàá fi bo gbogbo ògiri, mo ní ṣé fọ́tò wọ́n níbẹ̀ ni? O ní kò gbọdọ̀ sí nǹkan kan lẹ́yìn igi. A lé ewúrẹ́, a ká aṣọ, bíríkìlà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kúrò. Sánmà nìkan ló kù, apá mi ò sì ká a.

Ògiri ńkọ́? Ṣé kí gbogbo ayé máa wo ògiri wa tó lanu ni? Mo ra ọ̀dà, mo fi ìbàdí tó ń dùn mí yìí gun àkàbà, mo kùn ún. Àṣé ibi tó lanu gan-an lo fẹ́! Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ríbi wọ̀. Mo pa ẹnu ògiri dé tán, ìwọ wá ń sunkún aláǹgbá.

Láàárọ̀ yìí, mo fi ìbínú ti kọ́bọ́ọ̀dù yàrá rẹ sẹ́yìn, bóyá n ó rí ibi tí ọ̀dà ò dé. Ògiri tó lanu wà níbẹ̀. Àwòrán tí o fi èédú yà kí o tó wọ ilé-ìwé náà wà níbẹ̀: ilé kan, ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà, igi ńlá lórí rẹ̀. Ìyá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, ló gbé kọ́bọ́ọ̀dù dí i kí n má baà nù ún. Mo wò ó títí, ìbínú mi rọlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti ya fọ́tò rẹ̀, yóò fi ránṣẹ́.

Jọ̀ọ́, fi owó ọ̀dà ránṣẹ́, kí o fi ti oògùn ìbàdí kún un. Ọlọ́run yóò bá ọkùnrin yẹn sọ igi náà kalẹ̀ kí oṣù tó parí. Bí igi bá kọ̀, tí ọ̀gá rẹ ní kí o máa lọ, máa bọ̀ nílé. Mi ò kun ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, mi ò sì ní kùn ún.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.