Gbòǹgbò Tí Ìyá Mi Ń Sè Mu

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú sùúrù wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Yàrá ìwádìí oògùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A fa èròjà kan yọ lára gbòǹgbò igi kan, a fún àwọn eku tó ní làkúrègbé, oríkèé wọn tó wú sì lọ sílẹ̀. Ayọ̀ ò jẹ́ kí n pa á mọ́ra. Mo sọ fún ìyá mi, aránṣọ tí làkúrègbé ń dà láàmú.

Àṣé ó ti pa oògùn dókítà tì, gbòǹgbò náà ló ń sè mu! Lánàá, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló fi gbogbo àárọ̀ rán.

Mo ní, "Màámi, eku la ṣì fi ń dán an wò o."

Ó ní, "Ohun tí ọmọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ṣé ó lè tàn mí ni?"

Mi ò lè jókòó, mi ò lè dúró. Ẹ̀yin olùgbọ́, báwo lèèyàn ṣe ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kó má gba òun gbọ́ tó bẹ́ẹ̀?